Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Fara Pa àti Ohùn Èrò Ìwòran

Kò sí ibi tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń pé jọ, ìbáà ṣe ìdí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ìbáà ṣe ìsọ̀ onígbàjámọ̀, ìbáà sì ṣe yàrá àwọn olùkọ́ ní àkókò ìsinmi, tí àríyànjiyàn kan kì í pẹ́ ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù kan fara pa. Ó dìde, ó ń tiro, ó sì kọ̀ láti jáde. Apá kan nínú àwọn tí ń wòran a ní akin ni. Wọn a ní bí ó ti yẹ kí gbogbo ẹni tí ń gba owó gọbọi máa ṣe nìyẹn. Apá kejì a ní aláìmòye ni. Wọn a ní ó ń ba ara rẹ̀ jẹ́, ó sì ń dí ipò mọ́ ẹni tí ara rẹ̀ dá. Bí ó bá sì jáde, a kì í ṣàì rí ẹni tí yóò pè é ní ojo, tàbí tí yóò ní ó kàn ń díbọ́n ni. Ohun kan tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé àwọn tí ń jiyàn kì í ka ara wọn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Wọn a dá agbábọ́ọ̀lù lẹ́jọ́, wọn a dá dókítà àti olùkọ́ni lẹ́jọ́, wọn a sì gbàgbé pé ariwo ẹnu tiwọn wà lára ohun tí ó ń dá ẹni tí ó fara pa dúró lórí pápá.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ṣàì gbè sí ẹ̀yìn ẹni tí kò jáde. Ọ̀rọ̀ méjì tí a fi ń yin ẹni tí kò jẹ́ kí ìnira lé òun kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ìforítì àti ìfaradà. Bí a bá tú wọn palẹ̀, orí ni ẹni náà fi tì í, ara ni ó sì fi dà á: ẹ̀yà ara ni a fi ń ra ìyìn náà. Síbẹ̀, àwọn tí wọ́n ni èdè yìí kan náà ni wọ́n pa á lówe pé jagunjagun tí ó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bá ogun lọ. Nínú ìjàkadì àwọn baba wa, kò sí àríyànjiyàn. Bí ó ti wù kí onílù máa lu ìlù kíkan tó, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ìjà parí. Kò sí ẹni tí yóò ní kí ó dìde kí ó fi apá kan jà. Òfin eré ni ó ń gba onítọ̀hún sílẹ̀ lọ́wọ́ ìlù. Bọ́ọ̀lù kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ibẹ̀ gan-an sì ni ìtàn tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn jù lọ ti jẹ yọ.

Ìtàn náà ni ti Bert Trautmann, aṣọ́lé ẹgbẹ́ Manchester City, ẹni tí ó fi ọrùn tí ó ti ṣẹ́ ṣọ́lé ní àṣekágbá FA Cup ti ọdún 1956. Kò lè yéni bí ó ti yẹ àfi bí a bá kọ́kọ́ mọ irú ohùn tí àwọn òǹwòran fi kí i nígbà tí ó dé. Ìlú Bremen ní ilẹ̀ Jámánì ni a ti bí i ní 1923. Ó bá àwọn ọmọ ogun Hitler jagun, ó wà lára àwọn tí ń fò sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ òfuurufú, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ fún ìgboyà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú un, wọ́n sì kó o lọ sí ibùdó àwọn òǹdè ogun ní Lancashire. Níbẹ̀ ni ó ti di aṣọ́lé. Nígbà tí wọ́n tú àwọn òǹdè sílẹ̀ ní 1948, ó kọ̀ láti padà sílé. Ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní St Helens. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1949, Manchester City gbà á.

Ogun kò tíì kúrò nílẹ̀ ju ọdún mẹ́rin lọ nígbà náà. Bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì ti wó ilé púpọ̀ ní Manchester, àwọn Júù sì pọ̀ ní ìlú náà tí wọ́n pa ẹbí wọn run ní Yúróòpù. Àkọsílẹ̀ sọ pé nǹkan bí 20,000 ènìyàn ni ó wọ́de láti fi hàn pé àwọn kò fẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù. Alexander Altmann, tí í ṣe rábì àgbà àwọn Júù ní Manchester, tí àwọn ọmọ Hitler sì ti pa àwọn òbí tirẹ̀, kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn. Ó ní kò tọ́ kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ orílẹ̀-èdè kan jẹ ẹnìkan ṣoṣo níyà. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní Manchester. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1950, ẹgbẹ́ náà lọ bá Fulham gbá bọ́ọ̀lù ní London. Àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí bú u bí ó ti ń jáde sórí pápá. Kí eré tó parí, ó ti mú bọ́ọ̀lù tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan náà dìde dúró tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ìhà méjèèjì sì tò sí ọ̀nà láti yẹ́ ẹ sí bí ó ti ń wọlé lọ.

Ọkùnrin tí ó ti jẹ irú èébú bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti gbọ́ irú àtẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ní wákàtí kan àbọ̀, mọ ohun tí ohùn èrò jẹ́ ju bí ẹlòmíràn ti lè mọ̀ ọ́n lọ. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ọdún 1956 rántí èyí.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún náà, Manchester City àti Birmingham City pàdé ní Wembley níṣojú 100,000 ènìyàn. Ó ku ìṣẹ́jú 17 kí eré parí, Manchester sì ti ní góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan, nígbà tí Peter Murphy ti Birmingham gbé bọ́ọ̀lù bọ̀. Trautmann bẹ́ sílẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gba bọ́ọ̀lù, orúnkún Murphy sì gbá a lọ́rùn. Ó dákú. Àwọn olùtọ́jú sáré wọlé, wọ́n pa á lára, ó dìde, ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ó sọ pé ṣe ni ó dà bí ẹni pé ìkùukùu bo ojú òun. Ó tún mú bọ́ọ̀lù lẹ́yìn èyí. Eré parí ní 3 sí 1, ó gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ pẹ̀lú ọrùn tí ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì bá wọn lọ síbi àsè ní alẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àwòrán egungun fi hàn pé márùn-ún nínú àwọn oríkèé egungun ọrùn rẹ̀ ni ó ti yẹ̀, tí èkejì sì ti là sí méjì. Ẹ̀kẹta ni ó há mọ́ èkejì lára tí kò jẹ́ kí ó tú ká. Bí kì í bá ṣe pé ó há bẹ́ẹ̀ ni, ikú ni ìbá yọrí sí.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ ìtàn yìí gẹ́gẹ́ bí ìtàn ìgboyà. Ìgboyà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọkùnrin náà fara da ìrora tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò lè fara dà. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé ọrùn òun ti ṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ pé ikú wà ní ẹ̀yìn ọrùn òun, a kò lè sọ pé ó gbójú lé ikú. Àwọn 100,000 tí ń wò ó kò mọ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n tó sọ ìmọ̀ yẹn di ara ìgboyà rẹ̀. Ohun kejì tí àwọn olùsọtàn máa ń fò ni ó sì ṣe pàtàkì jù: bí ó bá jáde, kò sí ẹni tí ìbá wọlé. Òfin bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gba àrọ́pò láàyè nígbà náà. Ẹni tí ó bá jáde, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́wàá ni yóò parí eré, ọ̀kan nínú wọn ni yóò sì bọ́ sẹ́nu ilé láìjẹ́ aṣọ́lé. Nítorí náà, ohun tí wọ́n fi síwájú Trautmann kì í ṣe yíyàn láàárín ìgboyà àti ìbẹ̀rù. Yálà kí ó dúró, tàbí kí ó fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìdààmú.

Wembley ti àwọn ọdún wọ̀nyẹn kún fún irú ọ̀ràn yìí. Ní 1952, orúnkún Wally Barnes ti Arsenal yẹ̀, mẹ́wàá wọn ni ó parí eré. Ní 1953, iṣan ẹsẹ̀ Eric Bell ti Bolton já. Ó ń tiro kiri, ó sì fi orí gbá góòlù kan wọlé bẹ́ẹ̀. Ní 1955, Jimmy Meadows ti Manchester City yìí kan náà fara pa lórúnkún, iṣẹ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ sì parí síbẹ̀. Ní 1957, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ray Wood, aṣọ́lé Manchester United, ṣẹ́ nígbà tí eré ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀; wọ́n gbé ẹlòmíràn sẹ́nu ilé, Wood sì padà wọlé láti máa rìn gbéregbère ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Ní 1959, ẹsẹ̀ Roy Dwight ti Nottingham Forest ṣẹ́ lẹ́yìn tí ó ti gbá góòlù wọlé. Ní 1960, ẹsẹ̀ Dave Whelan ti Blackburn ṣẹ́ bákan náà. Ní 1961, Len Chalmers ti Leicester tiro títí eré fi parí. Ẹni tí ó bá ka orúkọ wọ̀nyí tẹ̀ léra wọn yóò rí i pé ohun tí a ń pè ní ìforítì nígbà náà, àìsí àrọ́pò ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Kí ni ó dé tí wọn kò tètè yí òfin padà? Ẹ̀rù ẹ̀tàn ni. Àwọn alátakò ní bí a bá gba àrọ́pò láàyè, kíá ni àwọn ẹgbẹ́ yóò máa sọ pé ẹsẹ̀ ń dun ẹni tí ó ti rẹ̀, kí wọ́n lè mú ẹni tí kò tíì rẹ̀ wọlé. Nígbà tí wọ́n sì fi gbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní sáà 1965 sí 1966, ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n fi ààyè sílẹ̀ fún, ó sì di dandan kí ó jẹ́ pé ẹni tí ó fara pa ni ó ń rọ́pò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé kò sí rẹfirí tí ó lè mọ ẹni tí ara ń dùn ní tòótọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ìdènà náà kúrò. Ife Àgbáyé kò ní àrọ́pò títí di 1970. Ìdí nìyẹn tí Pelé, lẹ́yìn tí àwọn ará Portugal ti gbá a lulẹ̀ léraléra ní Liverpool ní 1966, fi ń fẹsẹ̀ kan rìn lórí pápá títí Brazil fi pàdánù ní 3 sí 1. Ní 1970 ní Mexico, nígbà tí wọ́n ti gba àrọ́pò méjì láàyè, èjìká Franz Beckenbauer yẹ̀ nígbà tí àwọn ará Jámánì ti lo méjèèjì tán. Wọ́n di apá rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ títí Italy fi borí wọn ní 4 sí 3. Àwòrán apá dídì yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rántí, kì í ṣe góòlù méje tí ó wọlé lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn kì í ṣe àsọdùn àwọn alátakò lásán, òun sì ni ó mú kí ó ṣòro fún òǹwòran láti mọ èyí tí yóò gbàgbọ́. Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1989, tí ọjọ́ 22 péré sì wà láàárín wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ, ní pápá ìṣeré ńlá tí ó wà ní Sùúrùlérè, Nàìjíríà ń bá Angola gbá bọ́ọ̀lù láti lè lọ sí Ife Àgbáyé ti 1990. Ní ìṣẹ́jú 77, Samuel Okwaraji ṣubú lulẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fara kàn án. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ gba oyè nínú ìmọ̀ òfin. Kò dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú fi hàn pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ti ń bá a jà. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, ní Maracanã ní Rio de Janeiro, Brazil ń bá Chile gbá bọ́ọ̀lù nítorí ife kan náà. Brazil ti ní góòlù kan. Òǹwòran kan ju ohun oníná tí ń rú èéfín, irú èyí tí àwọn atukọ̀ fi ń ké fún ìrànlọ́wọ́, sórí pápá. Bí èéfín ti ń tú, Roberto Rojas, aṣọ́lé Chile, wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde, wọ́n sì kọ̀ láti padà wá.

Gbogbo ènìyàn ni ó kọ́kọ́ dá àwọn òǹwòran Brazil lẹ́bi, ẹni tí ó ju iná náà sì jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwòrán tí ayàwòrán kan yà fi hàn pé iná náà kò kan Rojas rárá. Abẹ ni ó fi pamọ́ sínú ìbọ̀wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi la orí ara rẹ̀. FIFA lé e kúrò nínú bọ́ọ̀lù títí ayé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n dárí jì í ní 2001; wọ́n sì kọ̀ láti jẹ́ kí Chile díje fún ife ti 1994. Ẹni tí ó ṣubú láìsí ẹ̀jẹ̀ ń kú lọ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bò, kò sí ohun tí ó kọlù ú àfi abẹ tirẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sí orí àga òǹwòran ní ọjọ́ méjèèjì, èwo ni ìbá sọ pé ó ń díbọ́n?

Irú ẹ̀tàn kékeré mìíràn pọ̀ tí kò tó èyí. Ní Ife Àgbáyé ti 2002, bọ́ọ̀lù tí ọmọ Turkey kan gbá ba Rivaldo ti Brazil lẹ́sẹ̀, ojú ni ó sì dì mú bí ó ti ń ṣubú. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ṣùgbọ́n ẹni tí ó san owó náà gan-an ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù tí ó ṣubú ní tòótọ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí èrò sì ń hó lé lórí pé kí ó dìde.

Kò sí iyè méjì pé èrò kan náà lè dákẹ́, ó sì lè ṣe rere. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 2012, Fabrice Muamba ti Bolton, ọmọ ọdún 23 tí a bí ní Congo, ṣubú ní pápá Tottenham ní London. Ọkàn rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró fún ìṣẹ́jú 78. Oníṣègùn ọkàn kan tí ó wá wòran sọ̀ kalẹ̀ láti àárín èrò, ó sì bá wọn tọ́jú rẹ̀. Àwọn òǹwòran ìhà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí kọ orúkọ rẹ̀. Rẹfirí dá eré náà dúró pátápátá, Muamba sì yè. Ní Copenhagen ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2021, nígbà tí Christian Eriksen ti Denmark ṣubú bákan náà, àwọn ará Finland ń ké orúkọ rẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn ará Denmark sì ń fi èkejì dá wọn lóhùn. Ohun tí kò dára tó nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà kò ti ọ̀dọ̀ èrò wá: ní alẹ́ kan náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ eré, olùkọ́ni Denmark sì sọ lẹ́yìn náà pé kò yẹ kí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ hàn sí gbogbo ènìyàn. Èyí tí ó le jù lọ ni ti ẹni tí ó dìde, tí ó ń rìn, tí ó sì ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ ti mì. Ọpọlọ kò lẹ̀ mọ́ agbárí. Inú omi ni ó wà. Bí nǹkan bá kọlu orí gidigidi, ọpọlọ a mì nínú agbárí, iṣẹ́ rẹ̀ a sì dàrú fún ìgbà díẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kán tàbí pé awọ bó. Ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí kò sì ní ohun mìíràn tí yóò fi mọ̀ ju ọpọlọ náà tí ó ti dàrú. Nítorí náà, a kò lè bi í bóyá ara rẹ̀ dá kí a sì gba ohun tí ó bá sọ gbọ́.

Ife Àgbáyé ti 2014 fi èyí han gbogbo ayé lẹ́ẹ̀mejì. Ní São Paulo, orúnkún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan gbá Álvaro Pereira ti Uruguay lórí, ó sì dákú. Dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe àmì pé kí wọ́n rọ́pò rẹ̀. Pereira dìde, ó na ìka sí i, ó yarí kanlẹ̀, ó sì gbá bọ́ọ̀lù títí eré fi parí. Uruguay borí, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì yìn ín. Àwọn mìíràn béèrè pé irú dókítà wo ni ó wà ní ipò tí aláìsàn lè fi ìka lé e padà. Ní àṣekágbá ní Maracanã, Christoph Kramer ti Jámánì forí sọ èjìká ọmọ Argentina kan. Ó dìde, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 14 sí i. Lẹ́yìn náà ni ó lọ bá rẹfirí, Nicola Rizzoli, tí ó sì bi í bóyá àṣekágbá ni àwọn ń gbá. Rizzoli rò pé àwàdà ni, títí ó fi rí i pé ọkùnrin náà fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́. Wọ́n mú un jáde. André Schürrle tí ó rọ́pò rẹ̀ ni ó gbé bọ́ọ̀lù fún Mario Götze láti gbá góòlù tí ó fi ife náà fún Jámánì. Ohun tí ẹni tí ń ṣépè fún agbábọ́ọ̀lù tí ó jáde kì í sábà rántí nìyẹn.

Ìpalára orí kì í sì í tán lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀. Jeff Astle ti West Bromwich Albion gbajúmọ̀ fún fífi orí gbá bọ́ọ̀lù. Ó kú ní 2002 ní ẹni ọdún 59 lẹ́yìn tí iyè rẹ̀ ti ra. Adájọ́ tí ó wádìí ikú rẹ̀ sì sọ pé iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó fa àrùn náà. Bọ́ọ̀lù tí ó fi orí gbá léraléra ni wọ́n ń wí.

Lẹ́yìn 2014, FIFA fún rẹfirí ní àṣẹ láti dá eré dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí dókítà lè yẹ ẹni tí ó forí gbá wò. Láti 2021 ni wọ́n ti ń dán àrọ́pò pàtàkì wò fún ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ mì. Ó sì wọ inú òfin ní 2024 fún ìdíje tí ó bá fẹ́ lò ó. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan, a kì í sì kà á mọ́ iye àrọ́pò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹgbẹ́ kan bá lò ó, ẹgbẹ́ kejì náà lè fi ẹnìkan kún tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo gbólóhùn ìkẹyìn yìí yóò tún rí ẹ̀rù ẹ̀tàn àtijọ́ níbẹ̀: wọ́n fẹ́ kí ó má sí èrè kankan nínú dídíbọ́n pé orí ń dunni. Ó bọ́gbọ́n mu. Ohun tí òfin náà ṣe gan-an ni pé ó dín ìdí tí agbábọ́ọ̀lù fi gbọ́dọ̀ dúró kù, èyí tí kò sí fún Trautmann. Kò lè dín igbe èrò kù.

Àwọn pápá tí dókítà wà ni gbogbo èyí ń sọ nípa rẹ̀. Ní pápá ilé ẹ̀kọ́, níbi tí àwọn ọmọ ilé aláwọ̀ ewé ti ń bá ti aláwọ̀ pupa díje, tí àwọn ẹgbẹ́ wọn sì ń lu agolo tí wọ́n ń kọrin, olùkọ́ tí fèrè wà lẹ́nu rẹ̀ ni dókítà. Bí ọmọ kan bá forí gbá, kí olùkọ́ mú un kúrò láàárín ariwo náà ná. Kí ó wò ó bóyá ó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, bóyá ojú rẹ̀ ṣú, bóyá ó fẹ́ bì, bóyá orí ń fọ́ ọ. Kí ó bi í léèrè ibi tí wọ́n wà, bóyá apá kìn-ín-ní tàbí apá kejì eré ni wọ́n ń gbá, ta ni ó gbá góòlù ìkẹyìn wọlé, ẹgbẹ́ wo ni wọ́n sì bá gbá kẹ́yìn. Bí ó bá ṣi ọ̀kan, kí ó má padà wọlé. Bí ó bá gba gbogbo rẹ̀, tí olùkọ́ sì ń ṣiyè méjì síbẹ̀, kí ó má padà wọlé ní ọjọ́ náà, nítorí gbígbá orí ẹlẹ́ẹ̀kejì kí ti àkọ́kọ́ tó san lè mú kí ọpọlọ wú. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ni ó sábà ń ṣe, ó sì ń pani. Kí wọ́n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n má jẹ́ kí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé, kí ẹnìkan sì sọ fún àwọn òbí rẹ̀. Bí ó bá ń bì léraléra, tí orí fífọ́ náà ń le sí i, tàbí tí ó ń tòògbé tí kò ṣe é jí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ ní òru náà.